Olójú-Kan

Oṣù kẹwàá ni, òjò Chiloé kò tíì gbọ́ pé ìgbà ìrúwé ti dé.
Ó ń rọ̀ sórí páànù, ó ń rọ̀ sínú òkun,
ó ń rọ̀ sórí ebè ọ̀dùnkún tí ìyá mi àgbà kọ lánàá.
Olójú-Kan ti wọ abẹ́ ọkọ̀ ojú omi bàbá mi àgbà,
èyí tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ilé láti ọdún tó kú.
Ó fẹ̀ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ kó sí nínú,
ó ń sàba lórí òkúta funfun kan àti ìdérí ìgò.

"Wò ó," ni Edelmira wí, "ó ti fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tu."
Ó na ọwọ́ sí i. Adìyẹ sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ yọ.
Ó lá ẹ̀jẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín:
"Eléyìí mọ ohun tó ń ṣe."

Èmi ní tèmi ti ra ẹ̀rọ ní Castro.
Ike funfun, iná pupa kékeré,
ẹyin méjìlá nínú rẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run
tí a kì í sábà rí níbí.
Mo ní ká ri Olójú-Kan sínú omi tútù
kí orí rẹ̀ lè wálé.
Ìyá àgbà kò dá mi lóhùn. Ó ń bó ọ̀dùnkún.
Nígbà tí mo sùn, ó ti ẹyin mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀.

Lóru ọjọ́ kẹtàdínlógún ìjì ti òkun dé.
Ó ká páànù ilé Remigio, ó já wáyà,
gbogbo erékùṣù dúdú bí ìdí ìkòkò.
Iná pupa kékeré ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.
Mo gbé ọwọ́ lé ike náà
bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń fi sílẹ̀,
àmọ́ ibà yìí ni ẹ̀mí, mi ò fẹ́ kó lọ.

Ní aago méjì ìyá àgbà dìde,
ó kó ẹyin sínú fìlà onírun ọkọ rẹ̀,
a jáde sínú òjò, òun níwájú,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ń fo kòtò.

"Pa tọ́ọ̀ṣì. Ohun tí kò bá rí, kò ní kọ̀ ọ́."
Nínú òkùnkùn abẹ́ ọkọ̀ mo gbọ́ ìkùnsínú
bí ilẹ̀kùn tí ń rọra ṣí,
mo gbọ́ ẹyin tí ń kan ẹyin.
Ọwọ́ rẹ̀ ń wọlé pẹ̀lú ẹyin, ó ń jáde lófo.
Adìyẹ ò kà á. Kò bi wá pé ta ló yé èwo.
Wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀;
lóru yẹn mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ ọ̀hún,
mo sì mọ̀.

Mẹ́ta ṣẹ́kù tí àyè kò gbà.
Edelmira kó wọn sí àyà, lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta,
ó jókòó ti sítóòfù títí ilẹ̀ fi mọ́ tí iná fi dé,
kò rẹ́rìn-ín, kò wúkọ́,
ó ń fi ojú nìkan bá mi wí.

Olójú-Kan pamọ mẹ́sàn-án. Ẹyin márùn-ún di ọ̀bu.
Ọ̀kan lu èèpo dé ìdajì, ó sinmi, kò tún lù mọ́.
Nínú ẹ̀rọ, òròmọ kan ṣoṣo ló jáde,
ó ń ké sí iná pupa pé kó wá gbé òun.
Mo so òwú pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí n lè máa dá a mọ̀,
mo dúró dalẹ́, mo tì í sábẹ́ ìyẹ́.

Ìyá àgbà ti kó àlùbọ́sà sínú ẹ̀rọ náà.
Láàárọ̀ yìí àṣá bà sórí ọgbà;
Olójú-Kan yí ojú rẹ̀ kan sí i, ó kùn,
mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sá wọlé sábẹ́ rẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn.
Òwú ti já.